Bí Láàpútọ́ọ̀pù Bá Ń Ké, Ẹ Má Ṣe Jí I

Láti ẹnu Monílọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá akọrin ní ìlú Oǹdó, ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ ó ní nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rín ò pọ̀ lẹ́nu Leah.

Leah ni olórí àwọn akọrin obìnrin ní ìjọ wọn. Òun ló ń ṣẹ̀dá orin ìkórè lọ́dọọdún, ní èdè Oǹdó gan-an, tí àwọn àgbà á máa mi orí, tí àwọn ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì orin sórí ìwé. Bí orin bá ti sọ sí i lọ́kàn, ì báà jẹ́ ìdí ààrò ló wà, á nu ọwọ́, á ṣí láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, á sì kọrin náà sínú rẹ̀.

"Orin tí mo bá ti kọ tán kì í dúró lọ́dọ̀ mi," ló máa ń wí. "Bí ọmọ tó ti lọ ilé ọkọ ni. Ó ti ní ilé tirẹ̀."

Ọdún tí epo ọkọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn ni ilé orin náà dojú rú. Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Orin tuntun ti wà, ṣùgbọ́n inú láàpútọ́ọ̀pù nìkan ló wà; àwọn akọrin kò tíì kọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Leah tan ẹ̀rọ náà, ó gbọ́ "kẹ́, kẹ́, kẹ́" nínú rẹ̀, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. Ojú ẹ̀rọ náà dúdú, kò ṣí.

Awakọ̀ ni Jethro, ọkọ rẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé, epo inú rẹ̀ kò lè gbé e dé ibì kankan. Síbẹ̀, láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, Jethro á wọ inú rẹ̀, á tan án, á jẹ́ kó kùn díẹ̀, kó tó pa á. Ẹ̀rọ tó bá sùn jù, ó ní, yóò gbàgbé iṣẹ́.

"Ìyá Ẹ̀bùn, gbé e wá," ló wí. "Òtútù ló mú un. Gbogbo ẹ̀rọ, ọ̀kan náà ni."

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jí ọkọ̀ tán, á jí láàpútọ́ọ̀pù. Á tan án, á pa á, á tún tan án, títí ojú rẹ̀ á fi mọ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣí, Leah jó yí tábìlì ká. Ó tẹ orin kan, ó dún. Lọ́jọ́ kejì, orin náà ń kólòlò. Nígbà tó yá, ó di pé ẹ̀rọ náà ń ṣí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, orin tó ń dún sì ń dín kù.

Monílọ́lá náà mú ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá. "Ẹ rì í sínú ìrẹsì. Ohun tí a fi wo fóònù ọmọ mi tó bọ́ sómi nìyẹn."

"Ìrẹsì wo?" Jethro bi í. "Lásìkò yìí? Gbé ìrẹsì náà wá, ká kọ́kọ́ sè é. Bó bá ṣẹ́ kù, a ó fi wo ẹ̀rọ."

Ọjọ́ Sátidé ni Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ wọn, dé láti Àkúrẹ́, níbi tó ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi gbọ́ ìró náà.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni. Jẹ́ kó gbóná."

"Ẹ pa á, sà. Ẹ má tan án mọ́."

Ó jókòó tì wọ́n. "Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ háàdì dísìkì. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí Màámi kó pamọ́ wà. Àwo ló wà nínú rẹ̀, bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́, ó ń yí. Apá kékeré kan ló ń kà á, àmọ́ kò gbọdọ̀ fara kàn án. Bó bá ti ń ké báyìí, ó ṣeé ṣe kí apá náà ti bàjẹ́, kó sì máa ha àwo. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tan án, ó lè tún ha á sí i."

Leah wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ẹ̀bùn, orin mi lẹ̀ ń ha láràárọ̀?"

"Ìwọ tó jó yí tábìlì ká ńkọ́?"

"Ṣé ó ti lọ nìyẹn?" Leah bi ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"A ò tíì mọ̀, Màámi. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, èyí tó kù lè wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá, ìyá àti ọmọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àkúrẹ́. Leah gbé láàpútọ́ọ̀pù lé itan, ó fi ìborùn wé e. Kòtò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí, á kí i pẹ̀lẹ́. Ní òpópónà Arakale, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù Olúmúyìwá, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Fífi háàdì dísìkì tuntun sí i kò le, Màmá," Olúmúyìwá wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ohun tó wà nínú èyí tó ń kú. Èwo lẹ fẹ́ jù?"

"Orin ìkórè."

Ó tú ìdí láàpútọ́ọ̀pù, ó yọ háàdì dísìkì, ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Wọ́n dúró. Nígbà tó pẹ́, ohùn Leah jáde láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bí agogo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá gba ṣájà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Orin ń tẹ̀lé orin, àfi èyí tó kẹ́yìn, tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ìkórè lọ síwájú pẹpẹ. Ìyẹn dún díẹ̀, ó dákẹ́. Háàdì dísìkì náà kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Olúmúyìwá gbé háàdì dísìkì méjì kalẹ̀. "Tòkunbọ̀ nìyí. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn tipẹ́, a ò mọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Tuntun nìyí, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ rárá."

"Ìyẹn ò ní kú?"

"Á kú lọ́jọ́ kan, Màmá, ó sì lè má ké kó tó kú. Ẹ ṣe ẹ̀dà sí fíláàṣì, kí Ẹ̀bùn tọ́jú òmíràn."

Tuntun ni wọ́n mú. Láàpútọ́ọ̀pù arúgbó ṣí, ó yá ju ti ìgbà èwe rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ti ń dìde, Akíntóyè, tó máa ń ra ògbólógbòó ẹ̀rọ, na ọwọ́. "Màmá, ẹ fi èyí tó kú yẹn sílẹ̀ fún mi. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Leah ti fẹ́ fún un. Ẹ̀bùn dì í lọ́wọ́ mú. "Nọ́ńbà ìdánimọ̀ Bàámi wà níbẹ̀, ìwé báǹkì yín wà níbẹ̀. Lójú tiwa nìkan ló ti kú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè jí i."

Ní Oǹdó, Jethro gbé háàdì dísìkì tó kú náà lé orí òkúta, ó gbé òòlù.

"Ṣé ẹ tún ń jí i ni?" Monílọ́lá bi í.

"Rárá. Mo ń sin ín."

Ẹ̀yin ará wa, bí kọ̀ǹpútà bá ń ké ohun àjèjì, ẹ pa á, ẹ má lù ú, ẹ má jí i, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n gba ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Ẹ má fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí ẹ ò fẹ́ pàdánù, ẹ má fi síbì kan ṣoṣo, pàápàá nígbà tí ara ẹ̀rọ bá dá ṣáṣá.

Ní ti Leah, ó wá orin tó sọnù kiri inú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Lọ́jọ́ ìkórè, àsìkò àtigbé ẹrù tó, àwọn akọrin ń wojú ara wọn. Leah gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu karí.

"Èyí tí a gbìn ò tó nǹkan," ló dá a, "èyí tí a gbé wá kún apẹ̀rẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ rí. Monílọ́lá gbè é, àwọn yòókù gbà á, ṣọ́ọ̀ṣì dìde. Ẹ̀bùn ti gbé fóònù sókè, ó ń gbà á sílẹ̀. Leah sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó jó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde sínú oòrùn, orin lẹ́nu rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.