Ìbò Kẹ́hìndé

"Fọ ìka rẹ dáadáa. Yíńkì yẹn ò gbọdọ̀ kù síbẹ̀."

Bàbá Àmínà ló sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. Ó na ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó là sí méjì sí Táyé. Táyé gbà á, ó fi ń fọ ìka náà. Ọdún 1976 ni, ìbò kánsẹ́lọ̀ ni, gbogbo Igbó-Ọrà ló sì tú síta. Táyé ti di tirẹ̀ láàárọ̀. Èyí tí Bàbá Àmínà, àbúrò bàbá rẹ̀, tún fẹ́ kó dì yìí, ti Kẹ́hìndé ìkejì rẹ̀ ni. Táyé ti yọ káàdì Kẹ́hìndé lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí ìyẹn ń sùn lọ́wọ́.

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Sòbìà ló mú Kẹ́hìndé lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ sòbìà: aràn gígùn tí èèyàn ń mu mọ́ omi odò, tí yóò wá dá ihò sí ẹsẹ̀, tí yóò máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Oró rẹ̀ ò kéré! Omi yìí gan-an ló jẹ́ kí Kẹ́hìndé fẹ́ dìbò fún Èṣùbíyìí, àgbẹ̀ kan tó ṣèlérí kànga fún àdúgbò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Láwàl agbaṣẹ́ṣe ni Bàbá Àmínà wà.

"Kẹ́hìndé ò kúkú lè rìn débí," ni Bàbá Àmínà wí. "Ṣé kí káàdì rẹ̀ wá ṣòfò ni? Bí Láwàl bá wọlé, o ti di akọ̀wé ní kánsù nìyẹn. Ta ló tiẹ̀ ń dá ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ yàtọ̀?"

Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, àwọn tíṣà gan-an máa ń na Táyé fún ẹ̀ṣẹ̀ Kẹ́hìndé. Táyé sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọ̀kan náà ṣáà ni wá," ó sì wọlé lọ.

Akọ̀wé ìbò wo káàdì, ó wo ojú rẹ̀. "Ìkejì ẹ ló wá láàárọ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó fàlà sí orúkọ Kẹ́hìndé, ó fún un níwèé. Táyé tẹ̀ka fún Láwàl, ó sọ ọ́ sínú àpótí.

Kò tíì jáde lọ́gbà tó fi gbọ́ ariwo. Yéè! Kẹ́hìndé ló ń bọ̀, ó ń fi igi tilẹ̀, òógùn ti bò ó lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò rí káàdì mi," ló wí fún akọ̀wé ìbò, "ṣùgbọ́n orúkọ mi wà lọ́dọ̀ yín. Kẹ́hìndé Sàlámì."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò kúrò níbí ni!"

"Èmi kẹ̀? Ẹ wo ìka mi, kò sí yíńkì níbẹ̀!"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ lo fi fọ ọ́. A ti mọgbọ́n yín. Ọlọ́pàá, ẹ mú un!"

Ọlọ́pàá fà á lápá, igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó figbe ta. Táyé wo Bàbá Àmínà. Ọkùnrin náà mirí fún un pé kó dákẹ́. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ kánsù ń bọ̀, Kẹ́hìndé ló sì máa lọ sí àtìmọ́lé. Bó bá sọ̀rọ̀, òun ni wọn yóò mú.

"Èmi ni o!" ló ké. "Èmi ni mo fi káàdì rẹ̀ dìbò. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

Kí ojú tó ṣẹ́, Bàbá Àmínà ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Láti ilẹ̀ tó wà, Kẹ́hìndé bi í pé, "Ta lo dìbò fún?"

"Láwàl."

Kẹ́hìndé yíjú sí akọ̀wé ìbò. "Ẹ bá mi yọ ọ́, sà. Ẹ jẹ́ n di tèmi."

Ọkùnrin náà kò jágbe mọ́. "A kì í kọ orúkọ sára ìwé ìbò, ọmọ mi. Tó bá ti wọnú àpótí, kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ mọ́."

Àtìmọ́lé ni Táyé sùn. Bàbá wọn bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Láwàl wọlé ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Àmínà ò yọjú sílé wọn mọ́, ká má tiẹ̀ sọ ti iṣẹ́.

Táyé kúnlẹ̀ níwájú ìkejì rẹ̀. "Dárí jì mí. Mo rò pé ọ̀kan náà ni wá ni."

"Inú kan náà la ti jáde," ni Kẹ́hìndé fèsì, "àmọ́ mo ní ẹnu tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ìjọba bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́, ìwọ lo dá wọn lóhùn. Bí mo bá ráhùn nípa Láwàl báyìí, wọ́n á ní èmi náà wà lára àwọn tó yàn án."

Ẹkún ni Táyé ń sun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbò ni ohùn mẹ̀kúnnù létí ìjọba. Ẹni tó bá gba ti ẹlòmíràn dì, ìbáà jẹ́ ti ìkejì rẹ̀ pàápàá, olè ni, ohun tó sì jí kò ṣeé dá padà.