Ara Rẹ̀ Le Lọ́jọ́ Ẹtì

Ìyá Onígbálẹ̀ ló kọ́kọ́ rí òkú náà. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Ó gbé korobá omi lọ́wọ́, ó fẹ́ fọ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé, ló bá bá Agébébà, ọkùnrin tó ń bá wọn gé bébà, nílẹ̀ níbi tí àtẹ̀gùn parí sí, ó dojú bolẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ sì bó díẹ̀ lápá òsì. Igbe tó ké borí ariwo ẹ̀rọ.

Kí Inspẹ́kítọ̀ tó dé ní agogo mọ́kànlá, wọ́n ti dá ẹjọ́ tán. Wọ́n ti fi okùn di Gbóná, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, lọ́wọ́ sẹ́yìn. Lánàá ni òun àti olóògbé ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí fèrèsé: ọ̀kan ní ooru ń mú òun, èkejì ní atẹ́gùn ń fẹ́ bébà òun kiri. Gbóná sì ti jágbe níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Lọ́jọ́ kan, màá tì ẹ́ ṣubú!" Bí inú bá ń bí èèyàn, kì í rántí pé àwọn ẹlòmíì ní etí.

Kílótúnkù ni àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ Inspẹ́kítọ̀ yìí ń pè é, nítorí bí o bá rojọ́ tán fún un, ohun tí yóò bi ọ́ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó wo ojú, ó wo ọwọ́, ó wo bàtà. Orí bàtà ló pẹ́ sí jù.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí fún Onígbálẹ̀. "Irú èèyàn wo ni?"

"Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ mi. Ẹ̀rọ tó fi ń gé bébà yẹn ló gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò torí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì láàárọ̀. Ti bàtà, ó ní ìyà yẹn ti pọ̀ jù fún ìyàwó òun, ńṣe ló máa ń ki okùn ẹ̀ bọ inú."

"Kí ló tún kù?"

Ìyá náà wo ẹnì kan lẹ́yìn Inspẹ́kítọ̀, ó sì gbójú sílẹ̀. "Kò sí."

Ẹni tó wò náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Òun ni ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó olóògbé. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń pè é ní Alétò, nítorí òun ló gbé Ètò Ìlera Òṣìṣẹ́ kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí o bá ka ètò yẹn lórí ìwé, o ó rò pé ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀rún èèyàn ni: yàrá ìsinmi, eré ìdárayá, wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Lọ́la, Ọjọ́ Ẹtì, ni àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó bóyá ó tọ́ sí àmì-ẹ̀yẹ.

"Mo gbọ́ wọn lórí àtẹ̀gùn," ni Alétò wí, omi lójú rẹ̀. "Gbóná ń jágbe mọ́ àna mi, mo sì gbọ́ gbì!"

"Ọ̀gá, ẹ̀ ń parọ́ mọ́ mi!" Gbóná bú sẹ́kún. "Inú yàrá bébà ni mo wà, mò ń po yíǹkì. Oṣù yìí ni ìyàwó mi máa bímọ. Ṣé inú ẹ̀wọ̀n ni kí n ti sọ ọ́ lórúkọ?"

Inspẹ́kítọ̀ wo ọwọ́ Gbóná. Ó dúdú fún yíǹkì dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ mú mi lọ sí yàrá ìsinmi yín," ló sọ fún Alétò.

Yàrá náà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí àtẹ̀gùn. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn pé: Bọ́ bàtà rẹ kí o tó wọlé. Rọ́ọ̀gì pupa ló wà nílẹ̀, àga tìmùtìmù méjì, àti ìwé ńlá kan lára ògiri: ÌLERA LOÒGÙN ỌRỌ̀. Alétò mú ìwé àkọsílẹ̀ ìlera lórí tábìlì, ó fi lé e lọ́wọ́ tìdùnnú-tìdùnnú, bí ẹni gbàgbé pé òkú wà nílẹ̀.

"Ṣé ara àna yín yá látẹ̀yìnwá?"

"Ara tiẹ̀ ló le jù nínú wa! Ẹ wo orúkọ ẹ̀. Bí nǹkan kan bá tiẹ̀ ń ṣe é, kò sọ fún mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Inspẹ́kítọ̀ ka ìwé náà títí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ohun kan níbẹ̀ sínú báàgì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì pe ìyàwó olóògbé.

Obìnrin náà sáré dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ta ló so okùn bàtà ọkọ yín láàárọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó so ó. Kì í so ó."

"Ẹ wò ó."

Okùn bàtà méjèèjì ni wọ́n so le dáadáa, ó mọ́ tónítóní.

"Ẹni tó ní ìka mẹ́wàá ló so èyí," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Kì í sì í ṣe Gbóná, torí yíǹkì ì bá ti kun ún. Ẹnì kan ló wọ bàtà fún òkú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òkú ti bọ́ bàtà kó tó kú. Ibo lẹ ti ń bọ́ bàtà nílé-iṣẹ́ yìí?"

Gbogbo ojú lọ sára ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

"Ta ni yóò wọ́ òkú àna ara rẹ̀ jù sídìí àtẹ̀gùn?" Alétò ló bi í.

"Ẹni tí aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá bá lọ́la. Òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ kú nínú yàrá ìlera. Kí ló tún kù?"

Ìyá Onígbálẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Mo rí i ní agogo mẹ́jọ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, ó di orí mú. Ó ní, 'Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n lọ ọsibítù, orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣú.' Ẹ dárí jì mí. Iṣẹ́ mi ni mò ń bẹ̀rù kó má bọ́."

"Kò dákẹ́ nígbà náà," ni Inspẹ́kítọ̀ wí fún Alétò.

Alétò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìwé ni mo ṣí fún un. Mo ní kó wò ó, ara ẹ̀ le, kó lọ nà lórí rọ́ọ̀gì díẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, kò mí mọ́."

Inspẹ́kítọ̀ mú ohun inú báàgì rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé ìtajà kò tíì ya.

"Ta ni wọ́n ti fi èyí wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rí nínú yín?"

Kò sẹ́ni tó náwọ́. Ìyàwó olóògbé gba ìwé náà. Ó fi ìka tọ orúkọ ọkọ rẹ̀ láti Ajé dé Ìṣẹ́gun, dé Ọjọ́rú, dé Ọjọ́bọ̀. Kò dúró níbẹ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì," ló kà. "Ara rẹ̀ le. Kò sí ìrora." Ó gbójú sókè. "Ọ̀la nìyí, Bọ̀dá mi. Ẹ ti kọ ti ọ̀la."

"Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń kọ ti ọ̀sẹ̀ odindi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi."

Wọ́n tú Gbóná sílẹ̀, wọ́n mú Alétò lọ. Dókítà ní iṣan kan ló bẹ́ nínú orí olóògbé, pé ká ní wọ́n gbé e wá ní agogo mẹ́jọ ni, bóyá ì bá yè é. Bóyá yìí dun ìyàwó rẹ̀ ju ikú fúnra rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó gbé e sin. Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wọ bàtà fún un. Ó wọ̀ ọ́ tán, ó sì ki okùn rẹ̀ bọ inú.