Ta Ló Fún Ọ̀lẹ Lómi?

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ bi Lùkúmọ̀n, mẹ́gáàdì wa. Ó wà láyé, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Àwa mẹ́ta ni a jọ gbọ́ ìró tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀yìn Ìkirè ni ilé onínẹ́ẹ̀tì tí a ti ń ṣe ìwádìí irúgbìn wà. Dókítà Fọláṣẹwà ni ọ̀gá mi níbẹ̀. N kò tíì rí obìnrin tó nífaradà bíi tirẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ láìtijú. Ọ̀dá ti jó oko ìyá rẹ̀ run rí ní Ararọ̀mí-Òwu. Láti ìgbà náà ló ti ń wá àgbàdo tí òùngbẹ kò ní lè pa. Orí rẹ̀ ti ń hu ewú kó tó rí i.

Ìdánwò kan ló kù. A gbin àgbàdo tuntun yìí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a gbin irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn sínú òmíràn, a gbé wọn ti ara wọn, a sì fi omi dù wọ́n. Èmi aláwàdà sọ tuntun ní Akin, mo sọ ìkejì ní Ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ní láti kú, kí Akin sì dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà yóò dá a dúró.

Iyẹ̀pẹ̀ gbẹ, ó dà bí eérú. Ọ̀lẹ kò kú. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

"Lùkúmọ̀n, ta ló ń bomi rin àgbàdo mi?"

"Èmi kọ́, mà. Omi tí èmi fúnra mi ń mu, mo ń rà á ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó pààrọ̀ àgádágodo, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, afẹ́fẹ́ dúró. Ẹyẹ kankan kò ké. A ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ìró kan. Gùlú. Gùlú. Bí ìgbà tí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́ bá ń gbé omi mì.

Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì Ọ̀lẹ ló ti ń wá. Dókítà ki ọwọ́ bọ inú iyẹ̀pẹ̀ náà. Ó gbẹ táútáú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé Akin ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù.

Lùkúmọ̀n rọra sọ̀rọ̀. "Àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò bá ní, mà."

"Dákẹ́," ni Dókítà wí.

A gbé Akin lọ sí ẹ̀yìnkùlé Dókítà ní Apòmù. Lùkúmọ̀n dúró ti Ọ̀lẹ ní Ìkirè. Nígbà tí ọ̀sán tún pọ́n, ewé Akin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lójú wa, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Fóònù dún.

"Mà," ni Lùkúmọ̀n sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ó ti ń mu ún."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. "Ẹ jẹ́ ká fa Ọ̀lẹ tu, mà. Ta ló máa mọ̀?"

Dókítà kọ̀. "Déjì, mi ò lè pa ohun tí Akin ọmọ mi ń gbà là."

Àwọn olówó dé, wọ́n wò ó, wọn kò rí ohun tí Akin fi sàn ju Ọ̀lẹ lọ. Wọ́n kó owó wọn lọ. Dókítà bu omi fún Akin títí ó fi gbó, ó sì kó irúgbìn náà lọ fún Màmá, ìyá tirẹ̀, láti gbìn.

Ọ̀dá tún dé lọ́dún yẹn. A sáré lọ sí Ararọ̀mí-Òwu. Oko Màmá nìkan ló gbẹ, gbogbo rẹ̀ pátá. Oko àwọn aládùúgbò tó yí i ká tutù yọ̀yọ̀, àgbàdo lásán tí gbogbo ayé ń gbìn. Dókítà jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Ọ̀sán pọ́n. Ìró náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, láti òsì, láti ẹ̀yìn. Màmá dúró lójú ààlà, ó ń gbọ́ ọ. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n mu," ló wí.