Etí Hàn, Ojú Kò Hàn

"Ẹ wo eléyìí, sà." Akọ̀wé ilé ìwé to àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. "Etí ọmọ yìí hàn, mo lè ka irun tó wà lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà?"

Bàbá, ayàwòrán tó yà wọ́n, mú fọ́tò kan. Ó nà án jìnnà, ó tún fà á mọ́ imú. Òpéléńgé, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, na ọrùn láti ẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Etí mọ́ kedere, kọ́là ẹ̀yìn ọrùn mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ojú ṣú bí ìgbà téèyàn mí sára dígí.

"Fọ́tò ìdánwò àṣekágbá ni o, sà. Ọgọ́fà ọmọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá hàn, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹ wá tún un yà ní Mọ́ńdè. Bó bá tún rí báyìí, ẹ má bínú, a ó pe ẹlòmíràn."

Bàbá dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

Kámẹ́rà Bàbá kì í lo fíìmù, ṣùgbọ́n kì í dá ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ bíi tàwọn tòde òní. Ẹni tó bá fẹ́ fi yàwòrán á fi ojú kan wo ihò ẹ̀yìn rẹ̀, á máa fọwọ́ yí òrùka iwájú títí ohun tó ń wò á fi mọ́ gaara, kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Bàbá ti ń yí òrùka yìí. "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí," ló máa ń wí, "èmi, ojú ni mo fi ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, ó ya Ìyá lójúde, nínú oòrùn. Ó mọ́. Ó ní kó wọlé, kó jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó tún yà á. Etí hàn, ojú kò hàn.

"Níta ó dáa, nínú ilé kò dáa," ni Bàbá wí. "Kí lèyí?"

"Àbí ilé wa ni kò fẹ́ràn?" Ìyá bi í.

Òpéléńgé ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Bàbá ò sí nílé, ó yọjú wo ihò kámẹ́rà, ó rí ẹyọ eruku kan. Bàbá ti kìlọ̀ pé atúnkámẹ́ràṣe nìkan ló ń ṣí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n yìn ín. Ó yọ dígí pẹlẹbẹ tó wà lókè nínú kámẹ́rà, ó nù ún, ó dá a padà. Ìgbà tó parí ló rí nǹkan kan nílẹ̀ tó tín bí èèpo àlùbọ́sà, tó ń dán bíi bàbà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bébà súìtì ni. Ó gbá a dànù.

Ṣé òun ló fà á? Bó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tó ń mọ́ níta? Nǹkan tó bàjẹ́, ṣebí ibi gbogbo ló yẹ kó ti bàjẹ́? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, orí rẹ̀ dàrú. Ó dákẹ́.

Bàbá fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí fóònù sí ìyá àgbà kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Onígíláàsì ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí gíláàsì roboto tó máa ń so mọ́ iwájú orí. Ìyá àgbà náà pè padà láàárín ariwo ọjà.

"Ojú ni!" ó pariwo. "Ojú ló yẹ̀. Lọ tún ojú ṣe, ìyókù kámẹ́rà ò ní nǹkan kan!"

Bàbá rọra gbé fóònù sílẹ̀. "Mo ti fura," ó wí. "Ojú mi ni."

Òpéléńgé mí kanlẹ̀. Ọpẹ́ o! Ojú Bàbá ni, kì í ṣe òun. Lẹ́yìn náà ló wá ro ohun tí òun ń dúpẹ́ fún, ara rẹ̀ sì tutù.

Lọ́jọ́ kejì Bàbá lọ sílé ìwòsàn ojú. Ó wọ awò ojú dé. Ó ya Ìyá. Etí hàn, ojú kò hàn.

"Bàbá ọmọ mi, ṣé awò etí ni wọ́n fún yín ni?" Ìyá nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ní Mọ́ńdè, ó tún ọgọ́fà ọmọ yà nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Òpéléńgé gbé iná fún un. Ìgbà mẹ́ta ló la ẹnu, ìgbà mẹ́ta ló pa á dé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ẹni tó ṣẹ̀ ń gbé iná, ẹni tí kò ṣẹ̀ ń nu awò. Akọ̀wé wo fọ́tò mẹ́wàá péré, ó mi orí. Nígbà tó fi di Túsìdeè, ayàwòrán mìíràn ti gbé àga kalẹ̀ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá ń fi aṣọ di kámẹ́rà. "Wọ́n ń wá ọlọ́dẹ sílé ìkẹ́rùsí kan," ó sọ fún Ìyá. "Màá ta eléyìí, kó tó di pé mi ò rí ẹni tí mò ń tà á fún."

Òpéléńgé di aṣọ náà mú. "Bàbá, ojú yín kọ́. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni? Ìwọ ni ojú mi?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo... mo ṣí i. Mo nu dígí inú rẹ̀. Nǹkan kan jábọ́, mo gbá a dànù." Ó kúnlẹ̀.

Bàbá tú aṣọ náà kúrò lára kámẹ́rà. Ó wo Òpéléńgé, ó wo kámẹ́rà. Ó yọ awò, ó tún wọ̀ ọ́.

Láàárọ̀, àwọn méjèèjì jókòó níwájú tábìlì Onígíláàsì. Ó yọjú sínú kámẹ́rà, ó pòṣé.

"Ta ló ṣí ojú yìí?"

"Ojú wo?" ni Bàbá wí.

"Dígí tí o fi ń wòran yìí ńkọ́? Ojú làwa tó ń tún kámẹ́rà ṣe ń pè é. Mo ṣáà sọ fún ọ pé ojú ló yẹ̀."

"Ìyá, ojú tèmi ni mo rò pé ẹ ní!"

"Ojú tìrẹ? Ìgbà wo ni mo di dókítà?"

Ó ṣàlàyé pé bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń ti dígí náà mọ́ ààyè rẹ̀. Ní báyìí tí kò sí mọ́, dígí ti sún sókè bí ìwọ̀n irun. Ohun tí Bàbá rí pé ó mọ́ kọ́ ni kámẹ́rà ń mú, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ ló ń mú.

"Níta ńkọ́, mà?" Òpéléńgé bèèrè.

"Nínú oòrùn, ihò iwájú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ kámẹ́rà máa ń fún pọ̀, bí ẹni tó fún ojú pọ̀ láti wo ọ̀nà jíjìn. Àṣìṣe kékeré kì í hàn níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ o. Kò kàn hàn ni."

Ó gé bàbà pẹlẹbẹ, ó fi sínú. Ó gbé rúlà kan dagun sórí ìwé, nọ́ńbà kékeré wà lápá ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, ńlá wà lọ́hùn-ún. "Wo nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Bàbá yí òrùka, ó tẹ̀ ẹ́. Mẹ́tàdínlógún ló mọ́. Ìyá àgbà fi bàbà kún un. Mẹ́rìndínlógún. Ó tún fi kún un. Mẹ́rìnlá. "Ó ti pọ̀jù." Ó ha á díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni ń ha èékánná ọmọ tuntun. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bàbá ya fọ́tò Òpéléńgé níbi tó jókòó sí. Ojú rẹ̀ hàn, títí dé irun ìpéńpéjú.

Lọ́nà ilé, Òpéléńgé ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ akọ̀wé."

"Wọ́n ti ya gbogbo wọn tán." Bàbá fa kámẹ́rà mọ́ àyà. "Gbogbo àárọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀rù ń bà mí kí n tó lajú. Mo ń rò pé òkùnkùn ni màá jí bá. Ìwọ sì wà nínú ilé."

Lójú Òpéléńgé, ìbá sàn kí Bàbá lù ú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó ba nǹkan jẹ́ tó sì dákẹ́, kì í ṣe nǹkan yẹn nìkan ló bà jẹ́. Ó lè sọ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú di ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ẹ tètè sọ ọ́. Bí ẹnu yín bá ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n sọ ọ́.