Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Oyèwálé Gbé Lé Anwar Lórí

Ẹnikẹ́ni tó bá rí Oyèwálé lọ́jọ́ Àìkú, nínú kóòtù aláwọ̀ eérú rẹ̀, tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, á ní ọmọlúwàbí nìyí. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un kúrò ní Ìbàdàn wá sí Maryland. Nígbà tí à ń sọ yìí, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó ń gbé ní District Heights, ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí kan. Nọ́ọ̀sì ni Olúfọlákẹ́, ìyàwó rẹ̀. Ilé wọn tòrò, koríko iwájú ilé wọn gún régé. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Oyèwálé ń mutí ní ìkọ̀kọ̀. Ìgò rẹ̀ wà nínú bùùtù mọ́tò. Bí Olúfọlákẹ́ bá ti lọ síbi iṣẹ́ oníwákàtí méjìlá rẹ̀, Oyèwálé á jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ wo mọ́tò, á sì padà wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó rò pé ìyàwó òun kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Àdúrà ló ń gbà.

Kí ni ọkùnrin yìí ń sá fún? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ó yára, ó láyà, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọtí fi mú un. Ní báráàkì, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n jọ ń gbé yàrá. Anwar lorúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú láti Suitland, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í fi ọtí kan ẹnu. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Oyèwálé mutí yó, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ológun kan láìgbàṣẹ. Anwar bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má lọ. Nígbà tí kò gbọ́, Anwar wọ ọkọ̀ náà tì í. Ó ní òun kò ní í jẹ́ kó dá nìkan lọ kú.

Wọn kò rìn jìnnà tí ọkọ̀ náà fi lọ kọlu òpó iná. Anwar forí gba gíláàsì ọkọ̀, ó dákú. Oyèwálé kò ní ìfarapa kankan. Kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, ó ti fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ìjókòó awakọ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní Anwar ló wa ọkọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Anwar tó lajú ní ọsibítù. Kò rántí ohunkóhun nípa ọjọ́ náà. Wọ́n sọ fún un pé òun ló gbé ọkọ̀, òun ló wà á, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sunkún, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tí kò níyì, èyí tó ń sọ fún gbogbo ayé pé ìwà burúkú ló lé e. Wọ́n fún Oyèwálé náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí ọtí, àti nítorí pé ó sá kúrò ní báráàkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Àwọn méjèèjì kò rí ara wọn mọ́.

Ogún ọdún kọjá. Ìwé burúkú náà kò fi Oyèwálé lọ́rùn sílẹ̀. Ó wá iṣẹ́ ìjọba ní Suitland, ó yege nínú ìdánwò wọn, àfi ìgbà tí wọ́n ní kó mú ìwé tó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun wá. Ó mú un wá, wọn kò pè é mọ́. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kan. Lọ́yà sọ fún un pé ìgbìmọ̀ kan wà tó lè yí irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà sí ọlọ́lá, bí ènìyàn bá lè fi hàn pé ìwà èwe ló hù, àti pé ayé rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní bí ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣe sọ́jà bá lè jẹ́rìí sí i, ọ̀rọ̀ náà á túbọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Oyèwálé jókòó, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ojú-ewé mẹ́fà. Ó mọ ọ̀rọ̀ kọ. Ó ní ọmọdé ló ń ṣe òun nígbà náà, ó ní ẹgbẹ́ búburú ló ti òun sínú ọtí, ó ní sájẹ́ǹtì kan kórìíra òun. Nígbà tó dé orí ìjàǹbá náà, ó tún kọ ọ́ pé Anwar ló wa ọkọ̀.

Ó gbé ìwé náà lọ fún Adékọ́lá kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Adékọ́lá fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, nọ́ọ̀sì ni òun náà, wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ó kà á tán, ó rọra béèrè bóyá òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Inú bí Oyèwálé. Ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n ń pe òun lónírọ́ ni. Adékọ́lá ní òun kò pè é bẹ́ẹ̀, pé òun kàn rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn ló wà nínú ìwé náà, ti Oyèwálé nìkan ni kò sí níbẹ̀. Oyèwálé gba ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó wá Anwar kiri lórí ẹ̀rọ ayélujára. Kamilah, ẹ̀gbọ́n Anwar obìnrin, ló rí. Obìnrin náà ń gbé nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Brandywine. Oyèwálé kàn sọ fún un pé òun àti Anwar jọ ṣe sọ́jà, obìnrin náà sì ní kó máa bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ wo bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń fọ́ni lójú. Ẹni tí Oyèwálé ba ayé rẹ̀ jẹ́ ló ń lọ bẹ̀ pé kó wá jẹ́rìí sí ìwà rere òun.

Kamilah gbà á sílé, ó bu omi fún un. Nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ tán, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ fún un pé Anwar ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Àìsàn kíndìnrín ló pa á. Ìwé burúkú náà kò jẹ́ kó rí ìtọ́jú tí wọ́n ń fún àwọn sọ́jà àtijọ́, kò sì jẹ́ kí wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú wọn. Kò fẹ́yàwó. Kò wa mọ́tò mọ́ títí ó fi kú, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé òun á tún ṣe ènìyàn léṣe.

"Ó rán mi sí ọ," Kamilah sọ. "Ó ní bí mo bá rí ọ láyé, kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, nítorí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ lọ́jọ́ náà."

Oyèwálé gbé ife omi kalẹ̀. Òtítọ́ dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ó dìde, ó ní òun ti gbọ́, ó sì jáde nílé náà bí olè.

Láti ọjọ́ náà, kò fi ọtí pamọ́ mọ́. Ó ń mu ún lójú Olúfọlákẹ́. Ó mu ún lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì lé e. Bó bá dijú, ohùn Anwar ló ń gbọ́, tó ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Olúfọlákẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ gáréèjì, ó ti bì sára, kò sì mọ ibi tó wà. Obìnrin náà kò lè dá a gbé. Ó pe Adékọ́lá.

Adékọ́lá wá tòun ti aṣọ iṣẹ́ ọsibítù lọ́rùn rẹ̀. Kò wàásù. Ó wẹ̀ ẹ́, ó wọṣọ fún un, ó sì po ògì fún un mu. Nígbà tí ojú Oyèwálé wálẹ̀ lọ́sàn-án, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo wa ọkọ̀ yẹn." Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, látorí ìjókòó awakọ̀ títí dórí iṣẹ́ tí òkú rán sí i.

Adékọ́lá fa àga sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Oyèwálé, ohun tí o ṣe burú. Mi ò ní í sọ fún ọ pé kò burú."

"Ṣé Ọlọ́run tún lè gbọ́ tèmi báyìí? Ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ ti kú. Òun ló tún wá ń bẹ̀ mí."

"O gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lé aláìṣẹ̀ lórí, kò sì mọ̀. Aláìṣẹ̀ kan wà tó mọ̀. Jésù rí ọtí yẹn, ó rí ọkọ̀ yẹn, ó rí irọ́ yẹn, ó sì ní kí wọ́n gbé e lé òun lórí. Ohun tó gbé e dé orí àgbélébùú nìyẹn. Ṣùgbọ́n o ò lè kó ẹ̀ṣẹ̀ fún un pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn lára rẹ̀."

Oyèwálé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ kíṣìnì. Ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ kọ kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tó ń wí kò ju pé, "Olúwa, èmi ni. Anwar kọ́. Èmi ni." Ó wí i títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó dìde, ó mọ̀ pé ẹnì kan ti gba ẹrù náà lọ́wọ́ òun.

Olúfọlákẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kó wọṣọ, kí àwọn jọ lọ sí Brandywine.

Oyèwálé jẹ́wọ́ níbẹ̀, Kamilah sì gbọ́ ọ dé òpin. Kò pariwo. Ó dìde, ó kọjú sí fèrèsé. "Ọdún méjìdínlógún ni àbúrò mi fi kórìíra ara rẹ̀," ó sọ. "Lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, má tún wá síbí mọ́."

Oyèwálé ya ojú-ewé mẹ́fà yẹn. Ó kọ ẹyọ kan ṣoṣo pé òun ló wa ọkọ̀, ó sì búra lé e níwájú òṣìṣẹ́ òfin. Lọ́yà rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé ìwé yẹn á ba ẹjọ́ tirẹ̀ jẹ́. Ó ní òun mọ̀. Kamilah fi ìwé náà bẹ ìgbìmọ̀ nítorí àbúrò rẹ̀ tó ti kú.

Ó lé lọ́dún kan kí èsì tó dé. Wọ́n yí ìwé Anwar padà sí ọlọ́lá. Ti Oyèwálé, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, gbólóhùn méjì wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Kamilah: "Wọ́n ti tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Mi ò tíì lè dárí jì ọ́."

Oyèwálé kò rí iṣẹ́ ìjọba títí di òní. Ó ń já ẹrù ní ilé ìtajà kan. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òùngbẹ ọtí ń fà á bí okùn; á pe Adékọ́lá, wọ́n á jọ gbàdúrà. Ó ń gbàdúrà fún Kamilah lójoojúmọ́, kò sì retí èsì. Ṣùgbọ́n ó ń sùn. Bí Olúfọlákẹ́ bá pè é, ó lè wò ó lójú.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ta ni o gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lé lórí? Ó lè jẹ́ ìyàwó rẹ. Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tàbí òbí tó ti dolóògbé tí kò lè já ọ nírọ́. Ó ṣeé ṣe kí irọ́ náà ti pẹ́ débi pé gbogbo ayé ti gbà á gbọ́, tí ìwọ náà sì ń kọrin ìyìn lé e lórí lọ́jọ́ Àìkú. Ọlọ́run mọ ẹni tó wa ọkọ̀.

Má wí pé ìwà èwe ni. Má wí pé bó bá yá, wàá tún un ṣe. Nígbà tí Oyèwálé fi máa dé Brandywine, Anwar ti wà nínú ilẹ̀. Ikú kò ní í bi ọ́ léèrè bóyá o ti múra tán, ẹni tó bá sì kú sínú irọ́ rẹ̀, ìdájọ́ ló ń lọ bá. Kò sí lọ́yà níbẹ̀.

Lónìí, Jésù ń gbọ́. Kò béèrè ẹlẹ́rìí ìwà rere lọ́wọ́ rẹ. Níbi tí o wà yìí, ì báà jẹ́ nínú mọ́tò rẹ tàbí ní yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́, pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an, kí o sì wí fún un pé, "Èmi ni." Á gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tí èémí ṣì wà nímú rẹ̀ àti nímú tìrẹ.