Sálúbàtà Tí Wọ́n Gbé Kalẹ̀ fún Ìyàwó Mi

Bàtà rírán ni mo fi ń jẹun, nítorí náà, ẹsẹ̀ ènìyàn ni mo máa ń wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ sálúbàtà yẹn fi tètè kọ mí lóminú. A ò tíì sọ àpótí kalẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbàlejò náà tí màmá onílé fi gbé sálúbàtà aláṣọ kan síwájú ìyàwó mi, ó ní kó bọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀, kó wọ èyí. Òwú pupa ni wọ́n fi rán an, rírán rẹ̀ sì wọ́ bíi ti ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá a lẹ́sẹ̀ mu rẹ́gí. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ẹsẹ̀ òsì ìyàwó mi gùn ju ọ̀tún lọ díẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń rán bàtà tí kò ní ta á. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Ti òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ.

"Tèmi ńkọ́, mà?" ni mo bi màmá onílé.

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ò ní pẹ́ lọ, ọmọ mi."

Ìyàwó mi, Tíṣà ni mo máa ń pè é nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe, àìsàn ọkàn ló dá a dúbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Dókítà ní kí n gbé e kúrò nínú ariwo ní òpin ọ̀sẹ̀, kó lọ síbi tí atẹ́gùn ti dáa. Nílé, lórí ìjókòó ló ti ń sùn, èmi á sì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Tí èémí rẹ̀ bá dákẹ́ díẹ̀, tèmi náà á dákẹ́. Ohun tí mo fẹ́ láyé kò ju kí obìnrin yẹn máa mí lọ.

Ìlú kékeré náà sì wu ènìyàn. Òpópónà tóóró tí wọ́n fi òkúta tẹ́, ilé funfun, òdòdó lójú fèrèsé, òórùn búrẹ́dì gbígbóná, odò tó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń rìn bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò retí níbì kankan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe mí: kò sí ìró ẹsẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, àwọn tọkọtaya tó jókòó létí odò, sálúbàtà aláṣọ ni gbogbo wọn wọ̀. Bàtà mi nìkan ló ń dún kò-kò-kò láàárín ìgboro.

"Ọ̀gá Bàtà," Tíṣà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "bó o bá ṣí ṣọ́ọ̀bù síbí, ebi ni yóò pa ọ́."

Ó gun àtẹ̀gùn létí odò láìmí hẹlẹ. Ó dé òkè, ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀. "Kò dùn mí mọ́ o. Wò ó, kò dùn mí rárá." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi àmù. Ó wo odò náà títí, ó wá sọ pé, "Ṣé ká kúkú máa gbé ibí?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sùn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wá bàtà rẹ̀, nítorí ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni pẹpẹ bàtà wà, bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, gbogbo wọn ń dán, gbogbo wọn kọjú sí ògiri. Ti Tíṣà náà kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí sáńdà aláwọ pupa rúsúrúsú kan, tí wọ́n fi òwú pupa rán ní gìgísẹ̀.

Èmi ni mo rán an. Iṣẹ́ àkọ́ṣe mi ni. Òwú dúdú tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, mo fi pupa rán an fún ìyá mi, ó wọ́ játijàti. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni tú u. Ibi gbogbo ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ dé, tí wọ́n á máa na ẹsẹ̀ sí ènìyàn: "Ọmọ mi ló rán an." Òun náà la fi sin wọ́n, kí n tó mọ Tíṣà rárá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọ̀ ọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ìyá rẹ ti lọ sétí odò," ni màmá onílé sọ lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ìgbà tó wọlé. "Wọn á dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Tó o bá dúró, wàá rí wọn."

Mo yíjú sí i. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé sálúbàtà fún ìyàwó mi?"

"Ẹni tó ń retí ènìyàn ló ń rán an sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti rẹ ìyàwó ọmọ àwọn, kó wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn."

Ẹ gbà mí gbọ́, ó wù mí kí n dúró. Ó wù mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ti pẹ́ jù fún Tíṣà. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ lápò, mo jókòó sílẹ̀, mo rán ibi tó ti fẹ́ já lára sáńdà náà. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ ṣé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ bá mi fi í sílẹ̀. Mi ò tíì rí i tó. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rán bàtà fún ẹnìkan, ẹsẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀."

Mo bọ́ bàtà mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Màmá onílé mú bàtà Tíṣà, ó nà án sí mi.

Sálúbàtà náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ Tíṣà lójú oorun. Ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, àfi ìgbà tí mo fa òwú rẹ̀ já. Bó ṣe bọ́ ni ikọ́ dé, ni ìrora padà sí àyà rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Kí ló dé tó o jí mi? Kí ló dé?" Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti gbọ́ kí ènìyàn máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo gbé e lọ sínú mọ́tò, ẹsẹ̀ lásán. Bí a ṣe ń jáde nílùú, mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, tó ń ju apá bí ìyá mi ṣe máa ń jù ú. Mi ò dúró.

Ọkàn Tíṣà yè. Ọmọ tó kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíì báyìí. Èmi ni èémí ń ṣe ségesège fún nísinsìnyí, òun ló ń dùbúlẹ̀ tó ń gbọ́ mi.

Lóṣù tó kọjá, mo jí láàárọ̀, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, mo bá sálúbàtà aláṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, olówùú pupa. Ìyàwó mi gbé e lé itan, ó wò ó títí. Mi ò sọ ohun tí mo sọ fún sáńdà lọ́jọ́ yẹn fún un rí. Ṣùgbọ́n ó ní, "Mi ò tíì rí ọ tó," ó mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Látìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń tú u, àárọ̀ ọjọ́ kejì la ó sì bá a ní rírán padà. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ ń wò ó. Rírán náà ti ń tọ́ sí i, ojú ìyàwó mi sì ti ń ṣe bàìbàì.