Ọgọ́fà Ọwọ́ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ẹsẹ̀ ni Mojeed kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ obìnrin kan tó yọ síta lábẹ́ tábìlì, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Nígbà tí obìnrin náà rá jáde, òwú aláǹtakùn wà lórí ìborùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, Mojeed sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

"Ta ló ra díìsìkì tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, sà?"

"Èmi ni. Òun ló tóbi jù lọ́jà."

"Ó tóbi lóòótọ́, àmọ́ kò yára. Àká yín fẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀ ni ò gbà ju ẹnìkan lọ."

Mojeed ló ń bójú tó ilé ìdánwò orí kọ̀ńpútà tí bàbá rẹ̀, Àlàájì Ládòkun, kọ́ sí Ìsẹ́yìn. Ọgọ́fà ìjókòó ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ àgbà kan ṣoṣo ló sì ń ru ẹrù gbogbo wọn. Ní ìdánwò tó kọjá, bí àwọn ọmọ ṣe jọ wọlé ni gbogbo rẹ̀ dákú. Ìtìjú yẹn ló mú Mojeed ránṣẹ́ pe obìnrin yìí, Àrínọlá, ọmọ Ṣakí tó mọ iṣẹ́ kọ̀ńpútà dunjú.

"Bí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, kì í wúwo," ni Mojeed ń jiyàn.

"Ìyẹn lẹ fi wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè mẹ́wàá lẹnìkan ń bi díìsìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà yẹn. Bí wọ́n bá jọ ń ṣí kọ̀ńpútà lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́rùn-ún ni. Ìgbà tó le jù là á wọ̀n, ọ̀gbẹ́ni."

Wọ́n pààrọ̀ díìsìkì ńlá náà sí kéékèèké tó yára. Nígbà yẹn, "ẹ" ti di "o" lẹ́nu Àrínọlá, wàrà kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ Mojeed bó bá ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Àlàájì pè wọ́n. "Mo gbọ́ pé ẹ ń fẹ́ra yín. Bí ilé yẹn bá tún dójú tì mí, màá kó àgbàdo sínú ẹ̀, kí ọmọbìnrin yìí sì máa lọ ilé wọn."

Àrínọlá sọ fún Mojeed pé, "Ìṣirò orí ìwé ò tó. Wá ọgọ́fà èèyàn fún mi, ká fi dán an wò."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Mojeed dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó ń jáde. Àwọn ahunṣọ fi òfì sílẹ̀, àwọn ìyá pọn ọmọ wá. Ó ku ìjókòó kan. Àlàájì fúnra rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, ó fajú ro.

"Ẹ jọ tẹ bọ́tìnì yín." Àrínọlá ló pàṣẹ.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kí Mojeed tó ka ogójì, gbogbo ojú ẹ̀rọ ti tàn. Àlàájì wo tirẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dìde wo ẹ̀yìn. Ó ṣí fìlà.

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo ni bàbá ẹ máa ń wà nílé?"

Àrínọlá kúnlẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ò tíì ní kí n wá di ìyàwó òun."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mojeed bọ́ síwájú, ó ń làágùn. "Àrínọlá, olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ." Ó nu omijé ayọ̀ ojú rẹ̀. "Ó yá, ẹ pa gbogbo ẹ̀, ká tún un tẹ̀. Ọ̀la ni ìdánwò."

Ìdánwò náà lọ geere. Lọ́jọ́ Àìkú, Àlàájì àti ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà Ṣakí.